Igba Ojo Inú Ìwé Tíṣà

Ọdún mẹ́sàn-án ni Olóyèdé àti Fadérera fi ṣe tọkọtaya ní abúlé Ìdí-Ọsẹ̀. Méje àkọ́kọ́ dùn, méjì tó kẹ́yìn sì korò débi pé wọn kì í kí ara wọn láàárọ̀ mọ́. Mo ti wádìí ohun tó dá ìjà wọn sílẹ̀ títí, n kò rí ẹnì kan tó lè tọ́ka sí i. Ìgbéyàwó mìíràn a máa kú bí iná ààrò, láìsí pé ẹnikẹ́ni bu omi sí i. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Ìbídùn, ọmọ ọdún mẹ́fà tó máa ń ya ẹnu kí gbogbo àlejò lè rí ibi tí eyín rẹ̀ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ká.

Nígbà tí kóòtù ìbílẹ̀ tú wọn ká, Fadérera padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Òkè-Odò. Odò Àwẹ̀rẹ̀ ló wà láàárín abúlé méjèèjì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èèyàn á ká aṣọ sókè díẹ̀, á sì fi ẹsẹ̀ là á kọjá. Nígbà òjò, ọkọ̀ ojú omi nìkan ni, ọkọ̀ náà kì í sì í fìgbà gbogbo gúnlẹ̀ ní àlàáfíà. Odò yìí ló gbé àbúrò Fadérera lọ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà lọ́mọdé, kò sì gbàgbé.

Adájọ́ ní kí àwọn ẹbí jókòó lórí ọ̀rọ̀ ọmọ. Ta ni yóò bá ta jókòó? Fadérera ní òun kò fẹ́ gbọ́ ohùn Olóyèdé mọ́ láyé. Olóyèdé náà ní bí òun bá tún gbọ́ ohùn obìnrin yẹn, orí fífọ́ ni. Ni wọ́n bá ké sí Tíṣà Olúgbodi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó kọ́ àwọn méjèèjì ní ìwé kíkà ní kékeré. Tíṣà mi orí, ó ní, “Ẹ ti kọ ara yín sílẹ̀. Ó ku kí a kọ ọ̀rọ̀ ọmọ náà sílẹ̀.”

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ni, odò ṣì fà. Tíṣà ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá lọ bá Fadérera. Obìnrin náà ní kí ọmọ wà pẹ̀lú òun láti òjò àkọ́rọ̀ títí òjò yóò fi dá, kí ó má bàa sí ohun tí yóò gbé e gba orí odò tó kún, kí ó sì lọ bá bàbá rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tíṣà padà lọ bá Olóyèdé. Èyí kò fẹ́ mọ ohun tí obìnrin náà sọ. Ó ní kí Tíṣà sáà kọ ìgbà tí ọmọ yóò dé ọ̀dọ̀ òun sínú ìwé, òun yóò tẹ̀lé e.

Tíṣà wá kọ ìwé méjì tó bára mu. Ẹni iyì ni Tíṣà, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan: kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, kì í fi sábẹ́ rẹ̀. Ó ní ìfi-yíǹkì-ṣòfò ni. Ohun tó kọ nìyí: “Ibidun yoo wa lodo iya re fun igba ojo. Leyin naa, yoo lo sodo baba re.”

Ìṣọ̀lá, ẹ̀gbọ́n Fadérera, wo ìwé náà, ó ní ṣé kò yẹ kí àmì wà lórí rẹ̀. Tíṣà rẹ́rìn-ín sí i.

“Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí,” ó ní. “Bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi.”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Fadérera fọwọ́ sí ìwé níbẹ̀, Tíṣà sì gbé e lọ bá Olóyèdé kí òun náà fọwọ́ sí i.

Fadérera ka tirẹ̀, ó rí ìgbà òjò. Olóyèdé ka tirẹ̀, ó rí igba ọjọ́. Kò rò pé ó burú, nítorí ọmọdébìnrin ni, ó sì yẹ kí ìyá gbà ju ìdajì ọdún lọ. Láti ọjọ́ tí ọmọ ti kúrò nílé ni ó ti ń fi èédú fa ìlà kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn ní àràárọ̀. Bí àárò ọmọ bá sọ ọ́, á lọ ka ìlà. Ọjọ́ igba bọ́ sí àárín oṣù kẹsàn-án, nígbà tí Àwẹ̀rẹ̀ kún dẹ́nu. Ó ra sálúbàtà pupa kan, ó wọ ọkọ̀, ó sì kọjá.

“Bàbá Ìbídùn, òjò ò tíì dá,” Fadérera wí. “Ẹ padà wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.”

“Mo ti ka ọjọ́ mi pé. Igba ọjọ́ ni ìwé wí.”

“Ìgbà òjò ni ìwé wí.”

Oníkálukú yọ ìwé tirẹ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, lẹ́tà kan náà, síbẹ̀ oníkálukú rò pé ẹnì kejì fẹ́ rẹ́ òun jẹ. Ìṣọ̀lá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ránṣẹ́ pe Tíṣà. Olóyèdé ní òun kò ní fi ìwé tí òun fọwọ́ sí bẹ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n tó mọ̀, Ìbídùn ti wọ sálúbàtà, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ kiri àgbàlá.

“Màámi, ẹ jẹ́ kí n lọ fi han àwọn ọ̀rẹ́ mi. Màá padà wá.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú Fadérera rọ̀. Ó rò pé bí òun bá dá a dúró, kóòtù lè sọ pé òun tàpá sí ìwé, kí wọ́n gba ọmọ pátápátá. Ó so gèlè ara rẹ̀ mọ́ ọmọ lórí nítorí afẹ́fẹ́, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìtí igi tí àgbàrá ń gbé bọ̀ ló kọlu ọkọ̀ náà láàárín odò. Wọ́n yọ Olóyèdé. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí ọmọ.

Nígbà tí Tíṣà wá, àwọn méjèèjì jókòó nínú yàrá kan fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìkọ̀sílẹ̀. Olóyèdé kò lè gbé ojú sókè. Fadérera tẹ́ ìwé rẹ̀ síwájú Tíṣà, ó fi ìka sórí ọ̀rọ̀ kan.

“Ẹ bá mi ka èyí, sà.”

“Sọ́dọ̀,” Tíṣà wí. “Yóò lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀.”

“Mo ti kà á títí, sà. Sódò ni mo ń rí. Yóò lọ sódò.”

Tíṣà yọ bíró rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, omijé rẹ̀ sì ń pa èyí tó kọ rẹ́. Kò sẹ́ni tó ní kó dáwọ́ dúró. Ó fi àmì sí i tán, ó pé pérépéré, kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà ẹ̀bá odò náà fi ń pa á lówe pé: “Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, odindi là ń kọ sínú ìwé.”