Ọkùnrin tí ó Ra Kọ̀ǹpútà bí Ẹni Ń Kọ́lé

"Ẹ bi Dérera ná." Èyí ni ọ̀rọ̀ tí ìyàwó ọkùnrin kan sọ fún un kẹ́yìn.

Ọkùnrin kan wà nílùú Ìwó, bíríkìlà ni. Dérera ni ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó rẹ̀ bí fún un. Ọmọ náà ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ń wáṣẹ́. Òun àti ìyá rẹ̀ fẹ́ràn géèmù púpọ̀. Bí wọ́n bá ti jẹun ìrọ̀lẹ́ tán, wọn a jókòó ti kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan, wọn a máa fi mọ́tò sáré lójú rẹ̀. Ìyá a pariwo pé, "Kúrò lọ́nà mi o, Dérera, mi ò ní bíréèkì!" Ọmọ a ní, "Màámi, inú igbó lẹ wa mọ́tò lọ yẹn!" Ọkùnrin náà a máa gbọ́ ẹ̀rín wọn láti pálọ̀. Kì í dá sí i.

Àìsàn dá ìyá dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn. Láàárín ìgbà náà kọ̀ǹpútà wọn bàjẹ́. Ọkùnrin náà pinnu pé òun yóò to òmíràn fún wọn, èyí tí ó lè gbé géèmù òde òní. Owó rẹ̀ kò ká odidi, ó sì ní òun yóò máa ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

O mọ bí a ṣe ń kọ́lé níhìn-ín. Ọdún yìí búlọ́ọ̀kù, ọdún tí ń bọ̀ páànù. Bí èèyàn bá rí ilẹ̀kùn ní pọ́ọ́kú, yóò rà á pa mọ́ nígbà tí ògiri kò tíì gòkè. Bí ilẹ̀kùn bá tóbi jù, bíríkìlà yóò gbẹ́ ògiri. Bí ó bá kéré, yóò fi sìmẹ́ǹtì dí i. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin yìí ṣe kọ́ ilé tí ó ń gbé. Kò rí ìdí tí kọ̀ǹpútà yóò fi yàtọ̀.

Ohun tí ó kọ́kọ́ rà ni èyí tí wọ́n ń pè ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ó mú un lọ sílé ìwòsàn kí ìyàwó rẹ̀ lè rí i. Obìnrin náà yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún lọ́wọ́.

"Ta lẹ bi kí ẹ tó rà á?"

"Ẹni tó tà á ní kò sí èyí tó dára jù ú lọ."

Obìnrin náà ní, "Ẹ bi Dérera ná." Ó sì pa ojú dé bí ẹni tó fẹ́ sinmi. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àbúrò ìyá náà ránṣẹ́ láti Òṣogbo pé kí Dérera wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Dérera kò tíì sọ pé òun ń lọ, kò sì sọ pé òun kò lọ. Ọkùnrin náà mọ̀ pé bí ọmọ yìí bá lọ, òun nìkan ni yóò máa jí nínú ilé náà. Kò lè la ẹnu kí ó ní, "Jọ̀ọ́, má lọ." Ọjà ló gbà lọ.

Ó ra pátákó tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń jókòó lé, nítorí pé ó rí i ní pọ́ọ́kú. Ó ra ráàmù, ẹ̀yà tó ń bá kọ̀ǹpútà rántí nǹkan. Ó ra káàdì àwòrán gígùn kan, nítorí ó gbọ́ pé káàdì ni géèmù. Ó ra àpótí tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti kó gbogbo rẹ̀ sí, nítorí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń dán. Ọ̀dọ̀ ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ti rà wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò náà bi í pé, "Bàbá, irú pátákó wo lẹ ní nílé?"

"Ìyẹn ò kàn ọ́. Èyí tó dára ni kí o tà fún mi."

Oníṣòwò náà rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, Bàbá. Bó bá dà bíi bàtà ọmọdé lẹ́sẹ̀ àgbà, ẹ má bú mi o."

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ pé, ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó pe ọmọ rẹ̀. Inú Dérera dùn. Ó mú ọpọlọ, ó gbé e sún mọ́ pátákó. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Bàámi, èyí ò wọ èyí."

"Tì í mọ́lẹ̀."

"Wọn kì í tì í."

Bàbá rẹ̀ gba ráàmù, ó fi ọwọ́ bíríkìlà tẹ̀ ẹ́ wọnú ihò rẹ̀. Ó dún kà, ó ṣẹ́.

"Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló dára!"

"Wọ́n dára, Bàámi. Wọn ò bára mu ni. Pátákó mìíràn ni wọ́n ṣe ọpọlọ yìí fún. Káàdì yìí gùn ju àpótí lọ. Ihò ráàmù yìí, tàtijọ́ ni." Ó gbé ọpọlọ náà sílẹ̀. "Èmi àti Màámi ti yan gbogbo rẹ̀ tán. A mọ èyí tó bá èyí lọ, kò tiẹ̀ wọ́n tó báyìí. Ẹ ò kàn bi mí ni."

Ààyè ṣì wà láti bi í nígbà náà. Ohun tí ọkùnrin náà sọ ni pé, "Ṣé báyìí ni wọ́n ń kọ́ yín láti máa dúpẹ́?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Dérera kúnlẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀, ó gbé báàgì rẹ̀. Bàbá rẹ̀ dá a lóhùn láìgbé orí sókè.

Ìwọ tí mo ń ṣe àkàwé yìí fún, o ní kò sí ohun tí o kò ṣe fún àwọn ará ilé rẹ. Mo gbà. Ohun tí o ń gbé wọlé dára. Ṣùgbọ́n ìwọ nìkan lo ń yàn án, o sì ń bínú pé wọn kò rí i lò. O fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ara wọn bí ògiri kí ohun tí o rà lè wọlé. Má sọ fún mi pé o yàtọ̀. Bi wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì lè dáhùn.

Ní ti ọkùnrin náà, àwọn ẹ̀yà yẹn ṣì wà lórí tábìlì. Kò tíì kó wọn padà fún àwọn tó tà wọ́n. Kò tíì mọ irú pátákó tí ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ yàn. Kò tíì pe ọmọ náà lórí fóònù. Kò tíì bẹ̀ ẹ́. Kò tíì wọ ọkọ̀ Òṣogbo. Kò tíì sọ fún un pé kí ó máa bọ̀ nílé.