Àtẹ̀jíṣẹ́ Ikú tí Ẹ̀rọ Túmọ̀

Ẹ gbọ́ bí Fadérera, tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí Yorùbá nílé-iṣẹ́ adójútòfò kan l'Ábẹ́òkúta, ṣe mú ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá Ṣóbándé pè é, ó ní: "Ẹ̀rọ ọpọlọ àtọwọ́dá ló ń túmọ̀ fún wa báyìí. Buwọ́ lù ú pé ó dáa, má yí nǹkan kan níbẹ̀, àbí kó o máa lọ sílé." Fadérera wo àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ máa fi ránṣẹ́ sáwọn ọmọ olóògbé: "Ẹ kú oríire! Bàbá yín, Lágbájá, ti kú. Ẹ wá gba owó yín." Kò jiyàn rárá. Ó ní, "Màá buwọ́ lù ú, sà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dán an wò." Ló bá fi orúkọ ọ̀gá rọ́pò Lágbájá, ó fi nọ́ńbà Dámọ́lá, àkọ́bí ọ̀gá, sí i, ó sì na fóònù náà sí ọ̀gá: "Ẹ tẹ̀ ẹ́ kó lọ, sà." Ọ̀gá fò dìde. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ṣé o fẹ́ kí ọmọ mi dákú ni?" Fadérera ní, "Dámọ́lá á pè yín, sà, á sì gbọ́ ohùn yín. Àwọn tá a fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ńkọ́, ta ni wọ́n máa pè?" Ọ̀gá rọra jókòó. "Jọ̀ọ́, bá wa tún un kọ. Ẹ̀rọ yẹn ò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ kí ìwọ tó gbọ́."