Ìgò Ata Àṣàbí

Nígbà tí tàtàṣé pọ̀ débi pé ó ń jẹrà lọ́jà, Àṣàbí ra apẹ̀rẹ̀ kan, ó dín in, ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó da òróró lé e lórí, ó sì dé e pinpin kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé. Bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, àfi pé ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kó ju ọjọ́ mẹ́ta lọ.

Oṣù kan kọjá kó tó ṣí i. Ìgò náà dún fùú. Ó fìka tọ́ ọ wò. Kò kan, kò rùn. Ó bù ú sórí iṣu gbígbóná fún ọkọ rẹ̀, ìyẹn sì ń jó lórí àga bó ti ń jẹ ẹ́.

Àṣàbí rẹ́rìn-ín. "Ẹ rọra o, Bàbá Ìdòwú! Ikún ń jọ̀gẹ̀dẹ̀, ikún ń rẹ̀dí, ikún ò mọ̀ pé ohun tó dùn ní í pani."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìpéǹpéjú ọkọ rẹ̀ ò gbé sókè mọ́, ahọ́n rẹ̀ sì wúwo.

"Àṣàbí, ta lẹnì kejì tó dúró tì ọ́ yẹn?"

Kò sẹ́ni tó dúró tì í. Àṣàbí sáré pe ọlọ́kọ̀ kan.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgò náà, bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyá, oró kan wà tó jẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ò dé ló ti ń gbilẹ̀. Kì í korò lẹ́nu, èémí ló máa ń gbà lọ́wọ́ èèyàn. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ fẹnu kàn án?"

Àṣàbí rántí ìka tó fi tọ́ ọ wò. Ó gbójú sókè láti dáhùn.

Nọ́ọ̀sì ti di méjì lójú rẹ̀.