Ẹni Tó Ṣòfin Omi

Ààlọ́ o.
Ààlọ̀.

Àlọ́ mi gba etí odò kọjá, ó bá Etu abiyamọ níbẹ̀. Ọ̀dá dá, omi kù díẹ̀, ni àwọn ẹranko bá péjọ láti ṣòfin ìlú.

Erin ní, "Ẹni tó tóbi jù ni kó kọ́kọ́ mu." Ẹkùn ní, "Ẹni tó léyín mímú ni." Ọ̀bọ ní, "Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni."

Etu wo ọmọ rẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì ranlẹ̀, ó fohùn arò kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ọmọ mi ń bọ̀ lẹ́yìn o,
Ẹ ṣẹ́ omi kù.

Ó wá kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin àgbà, nílé wa, ẹni tó bá pín oúnjẹ ló ń mú kẹ́yìn. Ẹni tó bá ṣòfin omi, kó mu kẹ́yìn."

Erin ronú títí, ó ní, "Bó bá jẹ́ èmi ni màá mu kẹ́yìn, kí kálukú mu níwọ̀nba, kó lè ṣẹ́kù." Wọ́n fẹnu kò sí i.

Ọmọ Etu mumi yó. Erin dúró lẹ́yìn gbogbo wọn, ó ń fi etí rẹ̀ ṣíji bo ọmọ náà. Nígbà tó kan Erin, omi ṣì wà.

Àlọ́ mi ti délé. Ó yá, Àwẹ̀ró ọmọ mi, pín ẹ̀pà yìí fún wa.