Ọkùnrin Tí Ń Ṣí Wáfù Wò

Jókòó, Oyèníran. Má tíì sọ nǹkan kan. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ti parí ìjà ìwọ àti àbúrò rẹ nínú pálọ̀ mi yìí, ìgbà kẹfà rèé tí o ń wá bá mi pé kí n bá ọ lọ bi í bóyá inú rẹ̀ ti yọ́ sí ọ. Ó ti sú mi. Mi ò ní dá ọ lóhùn títí màá fi sọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan fún ọ tán. Má já lu ọ̀rọ̀ mi.

Ọkùnrin kan wà ní àdúgbò yìí tí kò lè fi ohun tó ń sè sílẹ̀ kó jinná. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ó ṣì wà láàyè, ó sì máa ń bínú. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ púpọ̀ nínú rẹ̀ fún mi, ìyókù ṣojú mi.

Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ló ṣe ìyàwó náà. Ó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, nọ́ọ̀sì kó oògùn lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì kìlọ̀ fún un pé obìnrin náà kò gbọdọ̀ lo oògùn yẹn láìjẹun, kò sì gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan. Tó bá fò ó, ibà náà lè padà wá, ó sì lè le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọkùnrin náà ní òun ti gbọ́.

Àmọ́ ẹnu obìnrin náà korò, kò sì gba oúnjẹ kankan. Wọ́n fún un ní ẹ̀kọ, kò lọ. Ìrẹsì, kò fẹ́ fojú rí i. Wọ́n se ọbẹ̀ ẹja, ó ní òórùn rẹ̀ ń rí òun lára. Lọ́jọ́ kejì tó délé, kò jẹ nǹkan kan, kò sì lo oògùn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, ara rẹ̀ tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà gan-an. Ó jókòó síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà dárúkọ nǹkan, ohun yòówù kó jẹ́, òun á wá a rí. Obìnrin náà wá ní tó bá jẹ́ irú wáfù tí Ìbídùn ṣe fún òun nígbà tí òun lọ kí i, òun á gbìyànjú.

Ìbídùn ni ọmọ wọn obìnrin, Àbújá ló ń gbé. Wáfù yẹn, oúnjẹ òyìnbó ni. Fúláwà, ẹyin, mílíìkì àti bọ́tà ni wọ́n ń pò pọ̀, tí wọ́n ń dà sínú abọ́ tó ní ihò ihò, kó lè jáde bí afárá oyin. Ẹ̀yìn rẹ̀ á gbẹ, á máa rún lẹ́nu, inú rẹ̀ á sì rọ̀. Nígbà Kérésìmesì tó kọjá, Ìbídùn fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹafíráyà, tó ń fi atẹ́gùn gbígbóná dín nǹkan láìsí epo. Ó fi abọ́ rọ́bà tí wọ́n ń da wáfù sí kún un, irú èyí tí iná kì í yọ́. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sórí fíríìjì, wọ́n da aṣọ bò ó, ó di ohun tí wọ́n ń fi han àlejò.

Ọkùnrin náà sọ ẹ̀rọ kalẹ̀. Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ọmọ náà sì ka gbogbo bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún un, ó ń kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Kó pò ó, kó má pò ó jù. Kó jẹ́ kí ẹ̀rọ gbóná ná. Kó dà á sínú abọ́ rọ́bà, kó gbé e sínú agbọ̀n ẹ̀rọ, kó tì í wọlé, kó yí i sí ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Èyí tí ọmọ náà sọ kẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́. Ó ní kí bàbá òun má fà á jáde títí yóò fi dún. Ọkùnrin náà kọ ìyẹn náà sílẹ̀, ó tún fa ìlà sí i nídìí.

Ọmọ alákàrà ni ọkùnrin yìí, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí agbada epo ìyá rẹ̀ ló ti dàgbà. Ohun tí ìyá yẹn kọ́ ọ ni pé ẹni tó bá ń dín àkàrà kì í jókòó, kì í wẹ̀yìn, kì í bá èèyàn tàkúrọ̀sọ. Inú epo ni ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Bí àkàrà bá ti pọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó yí i sí èkejì. Kò sí irọ́ ńbẹ̀, àkàrà yẹn ló tọ́ ọmọ méje. Ṣùgbọ́n ẹnu agbada ṣí sílẹ̀, iná rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Ooru tí wọ́n há mọ́nú ni ẹ̀rọ yìí fi ń ṣiṣẹ́. Bí o bá ti fa agbọ̀n rẹ̀ jáde báyìí, á dákẹ́, gbogbo ooru náà á sì bá tirẹ̀ lọ.

Ó po wáfù náà dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó dà á, ó tì í wọlé. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tó fi fà á jáde. Ó ṣì ń ṣàn. Ó tì í padà, ó dúró díẹ̀, ó tún fà á. Ó fi ìka kàn án. Nígbà kẹta, ó gbé ṣíbí oníhò, ó ní òun fẹ́ yí i bí wọ́n ṣe ń yí àkàrà. Apá kan dà sínú ẹ̀rọ, apá kan lẹ̀ mọ́ ṣíbí. Kí ẹ̀rọ tó dún, ìgbà mọ́kànlá ló ti fà á. Ìyàwó rẹ̀ ló kà á. Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní yàrá kejì, ó ń gbọ́ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń hó tó ń dákẹ́, kò sì ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe.

Ohun tó jáde kì í ṣe wáfù. Òkè rẹ̀ gbẹ bí awọ bàtà, inú rẹ̀ kò jinná. Ó gbé e lọ fún obìnrin náà bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà já díẹ̀ fi sẹ́nu, ó rọra tu ú sínú áńkáṣíìfù, ó ní kó má bínú.

Ṣé o rò pé ó kọ́gbọ́n? Ó padà sí ilé ìdáná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹ̀rọ. Ó bú fúláwà pé ó ti pẹ́ jù ní ṣọ́ọ̀bù. Ó bú àwọn oníná mànàmáná, bẹ́ẹ̀ iná kò ṣẹ́jú ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó pe Ìbídùn, ó ní ohun tó rà fún àwọn kò dáa. Ọmọ náà bi í bóyá ó fà á jáde. Ó ní rárá, òun kàn ń wò ó ni. Ìbídùn ní, "Dádì, ibo ni ẹ gbà wò ó?" Ọkùnrin náà ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa, ó pa fóònù.

Ó dà á lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pinnu. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó dúró. Nígbà tó di ìṣẹ́jú kejì, ó ní bóyá ó ti ń jó. Kò gbọ́ òórùn jíjó kankan, àmọ́ ó ní bóyá. Ó fà á jáde. Ó rí i pé kò tíì pọ́n, ẹ̀rù wá bà á pé kò ní pọ́n mọ́, ó wá di dandan kó máa fà á kó lè mọ̀ bóyá ó ti ń pọ́n. Ìwọ gbọ́ ibí yìí dáadáa. Wíwò tó ń wò ó ni kò jẹ́ kó jinná, kò sì yé wò ó nítorí kò jinná. Ọ̀gá ilé ìwé sì ni ọkùnrin yìí fún ogún ọdún o. Kì í ṣe pé kò ní làákàyè.

Nígbà tí èmi dé ibẹ̀ láti kí aláìsàn, agogo mọ́kànlá ti kọjá. Wáfù mẹ́rin tó ti bàjẹ́ wà lórí tábìlì, ọkùnrin náà ń làágùn, ó sì ń kanra mọ́ mi bí ẹni pé èmi ni mo rán an níṣẹ́. Ohun tó kù nínú abọ́ tó fi po nǹkan kò ju ti ẹyọ méjì lọ. Ẹyin ti tán. Oògùn wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Mo gbé ọwọ́ lé iwájú orí obìnrin náà, ó gbóná. Mo ní kí n lọ po ògì, ó mi orí. Ó ní kí n ran òun lọ́wọ́ kí òun dìde.

A di ògiri mú títí a fi dé ilé ìdáná. Ó ń sinmi lẹ́yìn ìgbésẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà pé kí ló dé tí mo jẹ́ kó dìde. Obìnrin náà kò dá sí i. Ó jókòó sórí àpótí, ó ní kí n da èyí tó kù sínú abọ́ rọ́bà, kí n tì í wọlé. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí ọkọ rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Ìbídùn, ẹ wá jókòó. Ẹ di ọwọ́ mi mú. Ẹ má jẹ́ kó bọ́."

Ọkùnrin náà jókòó sórí símẹ́ńtì, ó di ọwọ́ méjèèjì mú. Ẹ̀rọ ń hó. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹ̀rọ náà. Ní ìṣẹ́jú kẹta, ó fẹ́ yọ ọwọ́ ọ̀tún, obìnrin náà dì í mú, bó ṣe rẹ̀ ẹ́ tó yẹn. Ní ìṣẹ́jú karùn-ún, ó ní òun ń gbọ́ òórùn. Obìnrin náà ní òun náà ń gbọ́ ọ, òórùn oúnjẹ ni. Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó yíjú sí ògiri, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀rọ fi dún.

Èmi ni mo fà á jáde. Ó pọ́n dáadáa, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń rún nígbà tí mo gé e. Obìnrin náà jẹ ọ̀kan tán, ó jẹ ìdajì èkejì. Ó lo oògùn rẹ̀, ó mu omi. Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí ọkọ rẹ̀. Kò pariwo, agbára ariwo kò sí lára rẹ̀.

Ó ní, "Bí ọkàn yín á ṣe balẹ̀ lẹ ń wá láti àárọ̀. Èmi, oúnjẹ ni mò ń wá."

Ọkùnrin náà dìde nílẹ̀. Ó kó àwo, ó lọ fọ̀ ọ́.

O ń rẹ́rìn-ín. Má rẹ́rìn-ín, Oyèníran, ìwọ ni mò ń bá wí. O sin ìyá yín láìdúró de àbúrò rẹ tó wà lójú ọ̀nà. Ó dé, sàréè ló bá. O jẹ̀bi, o sì mọ̀ pé o jẹ̀bi. Nínú pálọ̀ yìí, o dọ̀bálẹ̀ fún un, ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò, èmi gan-an sunkún. Ó ní òun ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ. Ohun kan ṣoṣo tó tọrọ ni pé kí o fún òun láyè, òun á fẹsẹ̀ ara òun wá sílé rẹ. Kò dá ọjọ́.

Kí lo wá ṣe? Kò pé ọjọ́ kejì tí o ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ bi í bóyá ó ti tán nínú rẹ̀. O ní kí ìyàwó rẹ pe ìyàwó rẹ̀. O rán télọ̀ tó ń ránṣọ fún ẹ̀yin méjèèjì pé kó bá ọ wo ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, o dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, lójú gbogbo ìjọ, o ń bi í ṣé ó ṣì ń bínú. Ta ni wọ́n á máa bi lójoojúmọ́ bóyá ó ń bínú tí kò ní bínú? O ní ìfẹ́ ni. Kì í ṣe ìfẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà ọ́, o sì fẹ́ kí ẹni tí o ṣẹ̀ wá máa bá ọ lé ẹ̀rù lọ.

Màá sọ ohun tí mi ò fẹ́ sọ fún ọ. Àbúrò rẹ wá síbí ní Ọjọ́bọ̀. Ó ní lọ́jọ́ Ajé, òun ti múra, òun ti wọ bàtà, òun ti mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́, ilé rẹ ni òun ń bọ̀. Fóònù òun dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ ni. O ń bi í ṣé tọkàntọkàn ló fi dárí jì ọ́ àbí ẹnu lásán ni. Ó ní òun kà á lẹ́ẹ̀mejì, òun padà jókòó, òun sì bọ́ bàtà.

Ó ku díẹ̀, Oyèníran. Díẹ̀ báyìí ló kù.

Mi ò bá ọ lọ síbì kankan. Máa lọ sílé rẹ. Má fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, má rán ìyàwó, má rán télọ̀, má wá bá èmi náà mọ́. Ara á máa ni ọ́. Jẹ́ kó ni ọ́, ìyẹn ni ìyà tó kù fún ọ láti jẹ nínú ọ̀rọ̀ ìyá yín. Ó lè gba oṣù kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tó bá wá, má bi í ní ohun tó mú un pẹ́. Gbé àga fún un.