Ẹ̀rọ Olójú Mẹ́fà Ìdó-Ẹdun

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ojú mẹ́fà gbàǹgbà ni àlejò tiwa yìí ní! Ẹ̀rọ ni. Owó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ìwádìí ààbò ìlú ni Ẹnjiníà Ọláìtán fi ṣe é, ó sì gbé e wá sí ẹnubodè Ìdó-Ẹdun, ìlú ìbejì. Ó ti kọ́ ọ pé bí ojú kan náà bá wọlé lẹ́ẹ̀mejì láìtíì jáde, olè ni.

Lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, Táyé wọlé, ẹ̀rọ ò wí nǹkan kan. Kẹ́hìndé tẹ̀lé e, ẹ̀rọ figbe ta: "Olè! Olè!" Ìbejì ń wọlé, ẹ̀rọ ń ké, ọlọ́pàá ń sáré kiri, àwa ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wa. Lójijì, ẹ̀rọ pa lọ́lọ́.

Ẹnjiníà pàtẹ́wọ́. "Ó ti gbọ́n!"

Kò gbọ́n o. Wọ́n ti jí bátìrì rẹ̀ ni! Olè ti fi í sínú àpò, ó ń bá àwọn ìbejì tó ń rìn ní méjì-méjì lọ jẹ́jẹ́, kí Bàbá Àjàgbé, aṣọ́bodè olójú kan, tó di ṣòkòtò olè náà mú, tó fà á padà.

"Bàbá, báwo lẹ ṣe dá a mọ̀?" Ẹnjiníà béèrè.

"Ọmọ mi, ṣé o ò rí i ni? Òun nìkan ni kò ní èkejì!"