Ìdí Tí Ojú Agẹmọ Méjèèjì Kì í Fi Wo Ibì Kan Náà

Nígbà láéláé, kí èmi àti ẹ̀yin tó dáyé, ojú Agẹmọ méjèèjì jọ ń wo iwájú bíi tiwa ni. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹni tó sọ ọ́ fún mi kì í purọ́, àfi tí ebi bá ń pa á.

Láyé ìgbà náà, ìtàn kan wà tí gbogbo ọmọ ẹranko fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ. Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ ló ni ín. Ní ìrọ̀lẹ́, á jókòó sí etí odò, á máa sọ nípa ọmọ rẹ̀, Dúrójayé, tó ní òun fẹ́ lọ wo ibi tí odò ń sùn sí, tí àgbàrá sì gbé e lọ. Ìtàn náà ń pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀rẹ̀, nítorí pé Dúrójayé lẹ́nu bí abẹ. Ṣùgbọ́n bákan náà ló máa ń parí.

"Kò padà wálé mọ́. Ẹ bá mi rántí rẹ̀ o."

"A ó rántí rẹ̀, Ìyá," gbogbo ọmọ á dáhùn.

Ohun tó kù nínú Dúrójayé láyé kò ju ìyẹn lọ.

Ọmọ Ejò nìkan ni kì í dáhùn. Ṣebí ẹ mọ̀ pé ejò ò létí. Á ká jọ sẹ́yìn, á máa wo ẹnu àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Àánú rẹ̀ ṣe Agẹmọ gan-an, ló bá lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n máa fi ara mi ya ìtàn yín. Bí ẹ bá pe odò, ara mi á dúdú bí aró. Bí ẹ bá pe koríko, n ó di ewé tútù. Ọmọ Ejò náà á lè rí i."

Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ fà á dìde. "Ọmọ mi ni mo gbé lé ọ lọ́wọ́ yẹn o. Bí o ṣe gbà á ni kí o ṣe dá a padà."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Agẹmọ gun ẹ̀ka igi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàwọ̀ dà. Háà, ó dùn! Ó ń fi ìrù ṣe Dúrójayé, àwọn ọmọ ń yí nílẹ̀ fún ẹ̀rín. Ẹ̀rín náà wọ̀ ọ́ lára, kò wo Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ mọ́, àwọn ọmọ nìkan ló ń wò. Nígbà tí wọ́n dé ibi àgbàrá, ó rí i tí ètè Ọmọ Ehoro ń gbọ̀n. Ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Dípò kó di àwọ̀ àgbàrá, ó pọ́n bí iná ààrò, ó ká ìrù rẹ̀ mọ́ àyà bí ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀.

"Ó ti délé!" Àwọn ọmọ bú sáyọ̀.

Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ ṣì ń sọ tirẹ̀ lọ. "Kò padà wálé mọ́. Ẹ bá mi rántí rẹ̀ o."

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n ti sáré lọ jẹun.

"Ìyá, wọn ò sunkún lónìí," Agẹmọ wí.

"O ní ó délé. Ilé ta ni?" ni ìyá náà bi í. "Ilé mi ni mo ti ń bọ̀ yìí, n ò bá a níbẹ̀. Ẹni tó ti délé, ta ni yóò tún máa rántí rẹ̀?"

Ojú ti Agẹmọ débi pé kò lè jẹun. Lọ́jọ́ kejì, ó kẹ̀yìn sí àwọn ọmọ, ẹnu Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ló ń wò. Kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ṣùgbọ́n ó yára jù. Ìgbà tó máa fi yíjú padà, ìtàn ò yé Ọmọ Ejò, ó ti wọ́ lọ sílé rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, Agẹmọ fi tipátipá ya ojú rẹ̀ nípa. Ó dùn ún wọra, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi ọ̀kan sí ẹnu Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́, ó fi èkejì sí Ọmọ Ejò. Bó bá gbé ẹsẹ̀, á dúró títí ojú méjèèjì á fi gbà fún un, kó tó sọ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tí àgbàrá dé, ó di àwọ̀ àgbàrá. Lẹ́yìn náà ó di odò tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ejò wọ́ gba àárín àwọn yòókù kọjá. Ó kọjá níwájú Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ (ẹ rántí pé ejò ni o, ọ̀pọ̀lọ́ sì ni!), kò ya ẹnu. Ó dé etí odò, ó na ọrùn, ó ń wo apá ibi tí omi ń ṣàn lọ. Ó wò ó títí.

"Ó ti gbọ́," ni Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ wí, ó sì sunkún.

Láti ọjọ́ náà ni ojú Agẹmọ kò ti jọ wo ibì kan mọ́. Ọ̀kan ń wo ẹni tó ni ìtàn, ọ̀kan ń wo ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún. Bí ẹ bá rí i lórí ẹ̀ka, tó gbé ẹsẹ̀ sókè tí kò tíì sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ má kán an lójú. Ọmọ ọlọ́mọ ló gbé dání.